Owó Ìyá Mi Wà Lápò Mi Nígbà Tí A Dé Wídà

Kí n má parọ́ fún yín, ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, kì í ṣe fàájì ló gbé mi kúrò nílé. Ìyá mi ló rán mi níṣẹ́.

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Àbúrò mi obìnrin ń kàwé ní Kútọnu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ẹ̀yin àgbà mọ̀ sí Dàhòmì kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 1975. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò JAMB tí kò rọ́wọ́ mú, ni ẹnì kan bá júwe ilé ẹ̀kọ́ kan fún wa níbẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, owó ìwé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, àwa méjì la sì ń wò ó. Èmi ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo ní mo ti rí iṣẹ́ ìròyìn, kí òun máa lọ. Kì í ṣe pé inú mi dùn tán pátápátá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ó ti wà ní ọdún kẹta lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣirò owó nígbà tí rédíò gbé ọ̀rọ̀ kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Akọ̀ròyìn kan ti lọ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Bẹ̀nẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 péré, ó sì ti tú àṣírí náà sínú ìwé ìròyìn. Ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bá kéde pé àwọn dá ọ̀rọ̀ gbígba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró ná. Ẹ̀yìn kóńgò rẹ̀ ni ìyá mi wà nígbà tí ó gbọ́ ọ. Kò tètè yé e. Oníbàárà kan ló tú u fún un: "Màmá, ìwé tí ọmọ yín ń kà lọ́hùn-ún yẹn, ìjọba ò gbà á mọ́ o." Ìyá mi ò wọn èlùbọ́ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí oṣù Èrèlé dé, ó kan ìyá mi láti kó àjọ. Ó di owó náà sínú láílọ́ọ̀nù èlùbọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní: "Ṣebí ìwọ ni akọ̀ròyìn. Lọ bá mi wò ó. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lóòótọ́, san ìyókù owó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti jìbìtì, fi owó náà gbé àbúrò rẹ wálé, kí ó wá jókòó tì mí. Èlùbọ́ ò bèèrè sátífíkéètì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà láti Kútọnu mọ ojú tí náírà ń rí lọ́wọ́ sẹ́fà láti oṣù Òkúdù ọdún 2023. Láílọ́ọ̀nù tó wú bí ìrọ̀rí n'Ìbàdàn, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ńjì kà á tán fún mi ní Sẹ̀mẹ̀, ìdì kékeré kan ló dà. Mo dá a padà sínú láílọ́ọ̀nù ìyá mi, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo dé Kútọnu. N kò sọ fún àbúrò mi, ilé ẹ̀kọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo bá olùkọ́ lójú pátákó, mo bá àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ iṣẹ́, wọ́n sì fi máàkì àbúrò mi ti ọdún méjì hàn mí. Ilé ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ẹni tó wà ní ọ́fíìsì léèrè pé ṣé Àbújá yóò gba ìwé náà, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní kí a máa gbàdúrà. Àdúrà ò sí nínú iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi.

Ìgbà tí mo wá dé yàrá àbúrò mi, kí ni mo bá? Wọ́n ń lọ aṣọ, wọ́n ń di báàgì, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ń lọ sí Wídà ní Sátidé, Sọ́ńdè ni wọ́n máa dé! Inú bí mi débi pé n kò lè jókòó. Ìyá ń kó àjọ, ọmọ ń ṣe fàájì. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ní: "Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Láti oṣù mẹ́ta ni a ti ń dá igba sẹ́fà jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọdún kẹta mi nìyí, n kò mọ ibòmíràn ju kíláàsì àti ọjà lọ. Ẹ kúkú tẹ̀ lé wa." Mo ní n kò lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ.

Wídà wà ní nǹkan bíi kìlómítà 40 sí ìwọ̀ oòrùn Kútọnu. Ọ̀kadà ló gbé wa dé gáréèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní zemidjan. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "gbé mi kíákíá", lóòótọ́ sì ni, nítorí ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣáájú mi dé ibẹ̀. Ní gáréèjì, awakọ̀ pe owó kan. Àbúrò mi dá a lóhùn ní Fọ̀n. Ọkùnrin náà gbé ohùn sókè, òun náà gbé tirẹ̀ sókè. Ẹlòmíràn dá sí i ní Faransé, àbúrò mi yí sí Faransé. Ìgbà tí wọ́n jà tán, a wọlé ní iye tí òun fẹ́. Ọmọ tí kì í lè ná ata ní Bódìjà tẹ́lẹ̀ nìyẹn o!

Ọ̀rọ̀ ata yìí gan-an, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ebi ń pa mí, mo rí obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì. Mo ní èmi náà á ṣe bí ọkùnrin, n kò pe ẹnikẹ́ni kó bá mi sọ̀rọ̀. Mo na ọwọ́ sí ìrẹsì, mo ní, "Ata! Ata dáadáa!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ju àkàrà mẹ́fà lé ìrẹsì mi lórí. Mo tún ké pé ata ni mo wí, ó fi méjì sí i. Àwọn ọmọ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àṣé àkàrà ni àwọn Fọ̀n ń pè ní ata. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo sì san gbogbo rẹ̀.

N kò ní dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin ará Ọ̀ffà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnì kẹta, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, ará Kétu. Kétu tí a ń gbọ́ nínú ìtàn àwọn ọmọ Odùduwà yẹn, ọ̀hún ni ààlà tí àwọn òyìnbó fà gbé e sí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ lọ́rìn sí etí mi, ṣùgbọ́n Yorùbá ni, ó sì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ ju àwọn tiwa lọ.

Nígbà tí a dé Wídà, ilé ejò ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ. Òjòlá ló kún inú yàrá kan, wọ́n ká jọ bí okùn ọkọ̀. Àárín ìlú ni o, Ṣọ́ọ̀ṣì Kàtólíìkì ńlá sì dojú kọ ọ́, títì ló là wọ́n láàárín. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ní wọn kì í bu ènìyàn jẹ. Ó ní bí ọ̀kan bá jáde lóru tó wọ ilé onílé lọ, onílé á rọra gbé e padà wá láàárọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú fi ọ̀kan kọ́ ọrùn. Ọmọ Ọ̀ffà ní òun ò wọlé, ó dúró síta ń jẹ ẹ̀pà. Èmi ni mo ń ya fọ́tò, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń ya fọ́tò gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀ kí àwòrán lè dára.

Ilé mọ̀lẹ́bí ọmọ Kétu la sùn. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè la fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà, nǹkan bíi kìlómítà 4, láti àárín ìlú dé etí òkun. Afinimọ̀nà ń sọ̀rọ̀ ní Faransé, àbúrò mi ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, kò já gbólóhùn kan.

Gbàgede kan ni a ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi oyè Chacha pè. Ará Bùràsíìlì kan, Francisco Félix de Souza, ni Ọba Ghezo ti Dàhòmì fi oyè náà dá lọ́lá. Òwò ẹrú ló fi lówó, ó sì kú ní ọdún 1849. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná àwọn ènìyàn bí a ṣe ń ná ewúrẹ́. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ wo ọjà tiyín, kí ẹ wá fi ojú inú wo ìyẹn. Níwájú díẹ̀, wọ́n fi ibi tí igi ìgbàgbé wà hàn wá. Wọ́n ní ọkùnrin á yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn òpìtàn kan ò gba ìtàn igi yìí gbọ́. Èmi náà rò pé, bí ó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, kò ṣiṣẹ́.

Ọmọ Kétu ti dákẹ́ tipẹ́. Lójijì ló sọ fún afinimọ̀nà pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló pa ìlú àwọn run ní ọdún 1886, pé kí ló dé tí kò dárúkọ ẹni tó ń kó àwọn ènìyàn wá sí ọjà. Fọ̀n ni ọkùnrin náà. Ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀, ó ní òun ò lè bá ọba tó ti kú bẹ̀bẹ̀. A rìn títí kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

Etí òkun ni ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995. Wọ́n ya àwọn ènìyàn tí wọ́n so pọ̀ sí i lára, wọ́n ń lọ sójú omi. Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn òpìtàn ní bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ni wọ́n kó sọ́kọ̀ ní etíkun Wídà. A jókòó sórí iyanrìn, mo wá sọ ìtàn ẹnì kan tí mo ti kà nípa rẹ̀ fún wọn.

Kossola lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá láti ìhà Bàǹtè, àwọn òyìnbó sọ ọ́ di Cudjo Lewis. Ní ọdún 1860 ni wọ́n kó o nínú ogun Dàhòmì, wọ́n tì í mọ́lé ní Wídà yìí, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ Clotilda pẹ̀lú àwọn bíi 110. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé mọ́! Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní ọdún 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, owó náà ò tó. Wọ́n fi ra ilẹ̀ ní Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó síbẹ̀, wọ́n pè é ní Africatown. Ibẹ̀ ni Kossola kú sí ní ọdún 1935. Ọdún 2019 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti rí àfọ́kù ọkọ̀ náà lábẹ́ omi.

Àbúrò mi ní, "Bùọ̀dá, owó ọkọ̀ ni wọn ò rí?"

Mo ní, "Owó ọkọ̀ ni."

Ó wo òkun títí. Ó wá ní, "Màmá ti fi owó ọkọ̀ tèmi rán yín, àbí?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní, "Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń gbọ́ òórùn èlùbọ́ lára yín. Màmá kì í fi láílọ́ọ̀nù èlùbọ́ di owó kékeré."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ra àgbọn. Ó wá tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá Nàìjíríà á gba ìwé náà, òun ò sì ní parọ́ fún màmá pé wọ́n máa gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé òun lọ sílé ní ìdajì ọ̀nà, ọmọ tó lọ sí Kútọnu tó bọ̀ lọ́wọ́ òfo ni wọ́n máa pe òun títí ayé, òun ò sì ní lè gbójú sókè ní Bódìjà. Ó ní, "Bí wọn ò bá gbà á, mo máa dúró síbí, mo máa bá àwọn oníṣòwò tiwa túmọ̀ ọ̀rọ̀, mo máa ṣe ìwé owó wọn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kà á parí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò mọ̀ bóyá òun ló tọ̀nà. Mo mọ̀ pé n kò rántí ìgbà tí mo bínú mọ́. Mo tún mọ̀ pé láti àárọ̀ Sátidé, òun ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n, tí èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ tí kò gbọ́ èdè. Kí n sọ òótọ́, nǹkan kan tún ta mí nínú, nítorí iwájú tirẹ̀ ni mo ti kúrò kí òun lè kọjá.

Ó dìde, ó gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà náà lọ sí etí omi, ó bu omi òkun fọ ojú, ó sì gba abẹ́ rẹ̀ kan náà padà wá bá mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ti dé pẹ̀lú àgbọn márùn-ún. Wọ́n yàn án jẹ, ó ní irọ́ ni, òun ló ná an dáadáa.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo san owó náà ní báńkì, títí dórí sẹ́fà ìkẹyìn tó yẹ. Ìyókù rẹ̀ kéré, mo fi wọkọ̀ wálé.

Bódìjà ni mo gbà lọ tààrà. Ìyá mi ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan, ó ní kí n dúró. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó gba rìsíìtì náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní kí n kà á fún òun. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ní, "Màmá, n kò gbọ́ ọ. Ọmọ yín ló lè kà á fún yín."

Ó ká a, ó fi bọ abẹ́ kóńgò rẹ̀. Ó ní: "Kí ó yáa tètè dé."