Ilé kéú tó di ṣọ́ọ̀bù: ọjọ́ márùn-ún mi ní Samarkand àti Bukhara

Ẹ ti ń bi mí pé fídíò dà, ó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ iye tí mo ná àti bí mo ṣe gba físà, ẹ ní sùúrù, màá kọ ìyẹn lọ́tọ̀. Tòní wúwo díẹ̀. Ẹ jókòó.

Ọjọ́ márùn-ún péré ni ìrìn àjò náà. Àwa mọ́kànlá ni, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń mú wa kiri, tó gbé àsíá kékeré dání ká má bàa sọnù. Tashkent, olú-ìlú Uzbekistan, la balẹ̀ sí. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gan-an gbé wa lọ sí Samarkand ní bíi wákàtí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Bukhara. Aago ni wọ́n fi ń wọn gbogbo nǹkan fún wa: ibí, ìṣẹ́jú 45, ọ̀hún, wákàtí kan, ó yá, ọkọ̀ ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi sílẹ̀ nílé. Bàbá àgbà mi, alfa ni wọ́n ní Ìwó. Wọ́n jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fi ilé kéú kan sílẹ̀ níwájú ilé: yàrá gbọọrọ kan, ẹní, àti àwọn wàláà tí tàdáwà ti sọ di dúdú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéú wọn ló ṣì ń kọ́ ọmọ mẹ́sàn-án níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní ká pín yàrá náà sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, ká fi owó rẹ́ǹtì rẹ̀ tún òrùlé ilé ṣe. Òrùlé yẹn ń jò gan-an, irọ́ kọ́. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ fóònù ni wọ́n ní kí n ṣe ìpolówó. Mo ṣe é: "Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin wà fún rẹ́ǹtì." Lẹ́tà pupa, ó rẹwà. Ó wà nínú fóònù mi nígbà tí mo wọ bàálù.

Ọjọ́ kejì la dé Registan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i nínú fọ́tò, ó ju fọ́tò lọ jàre. Ilé ńlá mẹ́ta ló yí gbàgede kan ká, táìlì búlúù lára wọn látòkè délẹ̀. Ulugh Beg ló kọ́ àkọ́kọ́, láàárín 1417 sí 1420. Ọmọ-ọmọ Timur ni, ọba tó fẹ́ràn ìràwọ̀. Òun àti àwọn onímọ̀ tó kó jọ ka ìràwọ̀ tó lé ní 1,000 sínú ìwé. Ní 1449, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa á. Ìkejì ni Sher-Dor, 1619 sí 1636, tó ní àwòrán ẹkùn àti oòrùn tó ní ojú èèyàn níwájú. Ìkẹta ni Tilya-Kori, tí góòlù ń kọ mànà nínú ẹ̀.

Mo bi ọmọbìnrin wa pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Madrasa ni. Ilé ẹ̀kọ́."

Ilé kéú! Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

A wọlé. Àwọn yàrá kéékèèké ló yí àgbàlá ká, ibẹ̀ làwọn ọmọ kéú ń gbé láyé ọjọ́un. Mo tẹrí ba wọ ọ̀kan: ìborùn, àwo, fìlà. Mo wọ èyí tó tẹ̀ lé e: àwo, ìborùn, fìlà. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n. Mo ra àwo kan, mi ò ní purọ́ fún yín, àwo náà dára. Àmọ́ nígbà tí mo jáde síta, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gbé mọ́. Ìpolówó mi ni mo rántí.

Mo bi í pé ta ló lé àwọn ọmọ kéú náà. Ó ní nígbà tí ìjọba Soviet dé, wọ́n ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Mo dákẹ́. Ìjọba ló lé tiwọn. Ta ló fẹ́ lé tiwa? Òrùlé tó ń jò, àti èmi tí mo mọ lẹ́tà pupa yàn.

Bukhara wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí lo dàgbà sí, o ti mọ orúkọ yẹn láìmọ̀ pé ìlú ni. Nínú wáàsí Ràmàdáánì, "Búhárì ló gbà á wá" kì í kúrò lẹ́nu alfa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Imam al-Bukhari ní 810, orúkọ ìlú rẹ̀ la fi ń pè é. Gbogbo Búhárì tó wà ládùúgbò yín, orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n ń jẹ́. Mo dúró sábẹ́ ilé gogoro Kalyan, tí wọ́n kọ́ ní 1127, tó ga tó bíi mítà 46. Genghis Khan kó ìlú náà ní 1220, ilé gogoro náà ò wó.

Ní òdìkejì mọ́sáláṣí ńlá tó wà níbẹ̀ ni Mir-i-Arab wà, ilé kéú mìíràn. Mo ti ń yọ pọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin wa dá mi dúró: "A ò lè wọlé síbí. Wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́."

Wọ́n ti ibẹ̀ náà pa rí, àmọ́ wọ́n tún un ṣí láwọn ọdún 1940, títí dòní. Ẹnu ọ̀nà la ti yọjú wò ó. Mo rí ọmọkùnrin kan tó fi ìwé há abíyá, tó fi ọwọ́ kan di fìlà mú, tó ń sáré. Ó ti pẹ́, ó hàn lójú ẹ̀. Báyìí làwa náà ṣe máa ń sáré tá a bá ti gbúròó pàṣán Bàbá. Mi ò ká a sí fóònù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe bàbá mi. "Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí bíríkìlà wá."

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o náwó lọ wo ilé kéú onílé, owó ọkọ̀ ẹ nìkan ì bá ti kan òrùlé yìí."

Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni.

Mo wá ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe ṣọ́ọ̀bù méjì sà, ká fi ìdajì sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Owó tí mo bá rí lórí fídíò ìrìn àjò yìí, màá fi kún ti òrùlé."

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. "Tó o bá dé, wá sọ ọ́ níwájú àwọn bùrọ̀dá mi."

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ nìpàdé. Mi ò tíì mọ ibi tó máa já sí, kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún mi. Àwo Samarkand wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Níbi tí mo ti rà á, ọmọ kéú kan ti sùn níbẹ̀ rí.

Mo ti ṣí ìpolówó yẹn. Mo pa "mẹ́rin" rẹ́, mo kọ "méjì". Mi ò tíì gbé e síta.