Nígbà tí Àlejò Amọ̀kòkò Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Bí ogún náírà bá wà nínú àpò yín, ẹ mú un jáde kí ẹ yí i sẹ́yìn. Obìnrin tí ẹ rí níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, Ladi Kwali ni. Láti ọdún 2007 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára owó náà. Èmi ti fi owó yìí ra ata, mo ti fi ra iyọ̀, mo ti fi ṣe sàráà, n kò sì bèèrè ẹni tí í ṣe rí. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, nítorí ọmọ amọ̀kòkò ni mí.

Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò. Ìyá tó bí ìyá mi mọ ọ́n, ìyá mi sì ń mọ ọ́n di òní olónìí. Èmi ni mo fi amọ̀ sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ń tà: bókẹ́ẹ̀tì rọ́bà, kẹ́ẹ̀gì rọ́bà, abọ́ rọ́bà. Ohun tó lé ìkòkò ìyá mi kúrò lọ́jà ni mo fi ń jẹun. Ìyá mi kò bá mi jà sí i rí. Bí ó bá ti ń kọjá, yóò wo ọjà mi títí, yóò ní, “Ó mà pọ̀ o, Ọlọ́run yóò bù sí i,” yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àdúrà mìíràn wà tí ó ń dunni ju èébú lọ.

Ní ọjọ́ kan, ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa pé àwọn ń mú ọ̀gá amọ̀kòkò kan bọ̀ láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin Gbágyí ni, ní Suleja ni ó ti kọ́ṣẹ́, Hausa ni ó sì ń sọ. Èmi gbọ́ Hausa nítorí ọjà tí mo máa ń rà ní Kano. Ni ìyá mi bá ní kí n wá ṣe ògbufọ̀.

Inú àwọn ìyá kò dùn. Ọkọ̀ tó gbé àlejò wá gbé kẹ̀kẹ́ ìmọ̀kòkò dání, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yí. Ìyá àgbà kan da ìborùn rẹ̀ bojú, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó ní, “Ṣé ìkòkò ni ẹnì kan fẹ́ wá kọ́ wa?” N kò túmọ̀ èyí, ṣùgbọ́n àlejò náà ní ojú. Ó ní kí wọ́n má tíì sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wá kọjú sí ìyá mi pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ọ̀kan kí n wò.”

Ìyá mi dojú ògbólógbòó ìkòkò délẹ̀, ó wọ́n eérú sí ìdí rẹ̀, ó tẹ́ amọ̀ pẹrẹsẹ lé e, ó sì ń lù ú títí tí ó fi bo ìkòkò náà bí fìlà. Àlejò bi í pé kí ni eérú wà fún. Ìyá mi ní kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ó bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀ pé amọ̀ ti tó mọ. Ìyá mi ní, “Mo máa ń wé e mọ́ ìka. Bí ó bá sán, kò tíì tó. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ni, omi ti pọ̀ jù.” Ó bi í pé kí ló dé tí kò fi mọ ọrùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìyá mi ní ìdí rẹ̀ kò tíì le, yóò rì. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọjọ́ orí mi ti kọjá ogójì, mo sì gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ìgbà àkọ́kọ́ bí wọ́n ti ń gba ẹnu èmi fúnra mi kọjá lọ sí etí àlejò.

Nígbà tí ó kan àlejò, kò dojú ìkòkò kankan délẹ̀. Ó gbé amọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fà á sókè, ó ń yí amọ̀ gbọọrọ bí okùn lé e, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká bí ẹni tí ń jó. Ìyá àgbà tó kẹ̀yìn yẹn yíjú padà. Báyìí ni Ladi Kwali ti ń mọ tirẹ̀, àlejò sì wí fún wa nípa rẹ̀. Kwali ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ. Ìkòkò rẹ̀ wà ní ààfin ọba Àbújá àtijọ́, ìlú tí à ń pè ní Suleja nísinsìnyí, níbẹ̀ ni òyìnbó Michael Cardew, tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò sílẹ̀ níbẹ̀, ti rí i. Ní ọdún 1954 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó lọ sí Ìlú Ọba, ní ọdún 1972 ó dé Amẹ́ríkà, ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn amọ̀kòkò ibẹ̀. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ní ọdún 1977 Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Ọdún 1984 ni ó kú.

Ní ọjọ́ kejì ó fi àwo tó ń dán bíi tánganran hàn wá. Ó ní omi àpòpọ̀ kan ni a ń rì wọ́n sí kí a tó sun wọ́n, ìléru wọn sì ń gbóná ju ìwọ̀n 1,200 Sẹ́ńtígíréèdì lọ. Iná gbangba bíi tiwa kì í sábà dé 900. Ìyá mi yẹ àwo náà wò, ó ní, “Bi í bóyá omi máa ń tutù nínú àmù tí a bá ṣe báyìí.” Àlejò ní rárá o, omi tó ń là ara àmù jáde tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ ni ó ń mú èyí tó kù tutù, bí a bá dí ara rẹ̀, ó parí. Ó ní ife àti àwo ọbẹ̀ ni dídán yẹ fún. Ẹ rí i, èyí ni mo fi gba tirẹ̀: kò parọ́ kí a lè ra ọjà rẹ̀. Ó tún fẹ́ ya alángbá sí ara ìkòkò bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọ̀ wọn, ìyá àgbà ní àwa kì í ya ohun ẹlẹ́mìí, ó sì fi ilà lásán dípò rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà? Àwọn ọmọdé ló fi ṣeré.

Ọjọ́ kẹta ni a sun ún. Nígbà tí iná kú, ti ìyá mi jáde láìsí àléébù, wọ́n sì wọ́n omi èèpo igi irú sí i bí ó ti gbóná. Ti àlejò ti là sí méjì. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ìyá mi ní, “Wí fún un pé amọ̀ wa kì í ṣe amọ̀ tiwọn. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó láti mọ̀ ọ́n.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ, ó bèèrè odó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gún un lúúlúú tí ó sì dà á sínú amọ̀ ìyá mi, nítorí àfọ́kù gígún a máa ran amọ̀ tuntun lọ́wọ́ kí ó má baà sán.

Lálẹ́, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, mo bi ìyá mi pé, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kò fi sọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí fún mi láti ọjọ́ yìí?”

Ó ní, “O kò bi mí.”

Mo ṣì ń ta rọ́bà o, owó ilé-ìwé ọmọ kò gbọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ mo máa ń ti ìsọ̀ mi ní kùtùkùtù kí n lọ bá a nídìí amọ̀. Ìkòkò tí mo kọ́kọ́ mọ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan sí i. Ó bu omi sí i fún àwọn adìyẹ rẹ̀.