Omi Aláwọ̀ Aró ní Oregon

Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́ sí Màmá mi lórí WhatsApp tí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí fi bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò Crater Lake ni, adágún tó wà lórí òkè ní gúúsù Oregon, ní ìpínlẹ̀ tí èmi àti ìdílé mi ń gbé ní Amẹ́ríkà. Aláró ni Màmá. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ló ti kọ́ iṣẹ́ adìrẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìdí ìkòkò aró ló sì ti tọ́ gbogbo wa. Kò béèrè bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, kò béèrè iye tó máa ná wa. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ padà: "Ọmọ mi, kí ni wọ́n dà sínú omi yẹn? Àwọ̀ yẹn ti dúdú ju ti omi lásán lọ."

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn ju gbogbo ohun tí mo ti kà nípa adágún náà lọ, torí ẹni tó mọ aró ló bi í. Ewé ẹ̀lú ló ń ṣiṣẹ́ nínú aró. Mo ti wo ọwọ́ Màmá títí nígbà tó bá ń fa aṣọ yọ nínú ìkòkò. Àwọ̀ tútù bíi ti ewé ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé aṣọ ti bàjẹ́. Màmá á nà án sí afẹ́fẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú rẹ, díẹ̀díẹ̀. Bó bá fẹ́ kó dúdú sí i, á tún rì í.

Ti Crater Lake yàtọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú omi náà, àìsí nǹkan nínú rẹ̀ gan-an ló sì fún un ní àwọ̀ yẹn. Kò sí odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, kò sí èyí tó ń ṣàn jáde. Òjò àti yìnyín nìkan ló ń bù ú kún. Oòrùn ń fa díẹ̀ lára rẹ̀ lọ, ìyókù ń jò gba inú àpáta. Odò tí ì bá máa gbé ẹrẹ̀ wá kò sí. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá wọ irú omi mímọ́ bẹ́ẹ̀, omi á gbé àwọ̀ pupa mì, á gbé àwọ̀ ọsàn mì, èyí tó jọ aró nìkan ló máa dá padà sí ojú wa. Omi náà sì pọ̀: ó jìn tó mítà 594, kò sí adágún mìíràn tó jìn tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ife, mímọ́ gaara ló máa wà. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá, ohun tó sọ ni pé, "Màá fojú ara mi rí i."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣètò, oṣù tí a máa lọ ló sì kọ́kọ́ gba ìrònú. Etí adágún níbi tí àlejò máa ń dúró sí ga ju mítà 2,100 lọ sí ìpele òkun. Yìnyín tó ń já bọ́ síbẹ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bíi mítà 13. Wọn kì í ti ọgbà orílẹ̀-èdè tí adágún náà wà nínú rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n nígbà tó bá di nǹkan bí oṣù Kọkànlá, wọ́n á ti ẹnu ọ̀nà àríwá, wọ́n á sì ti ọ̀nà mọ́tò tó yí adágún náà ká, èyí tó gùn tó kìlómítà 53. Ó lè di oṣù Keje kí gbogbo rẹ̀ tó là tán. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan lọ nígbà òtútù. Wọ́n wakọ̀ dé etí adágún, ìkùukùu ni wọ́n bá níbẹ̀, wọn kò rí omi rárá. Bí a bá sì sún ìrìn náà di oṣù Kẹjọ, ìgbà tí igbó máa ń jó nìyẹn ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, èéfín sì lè bo òkè fún ọjọ́ púpọ̀. Ìparí oṣù Keje ni mo mú. Ẹ̀fọn pọ̀ lásìkò náà, a ó gbé òògùn ẹ̀fọn dání.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn gbọ́ nípa rẹ̀, ẹ̀rù bà á. "Ṣé kì í ṣe irú adágún tó pa àwọn èèyàn ní Kamẹrúùnù lo fẹ́ gbé Màmá lọ?" Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Adágún Nyos ló ń sọ, tí òun náà, bíi Crater Lake, wà lórí òkè oníná. Ní òru ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, 1986, afẹ́fẹ́ olóró rú jáde nínú rẹ̀, ó sì pa èèyàn tó ju 1,700 lọ pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn. Mo ṣàlàyé fún un pé inú ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ti ń jò wọ ìsàlẹ̀ adágún, pé omi ilẹ̀ olóoru bíi ti Nyos kì í sábà yí padà, tìsàlẹ̀ ń wà nísàlẹ̀, tòkè ń wà lókè, afẹ́fẹ́ náà sì ń kóra jọ níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tó tú jáde, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ó ṣàn wọ àfonífojì, ó bá àwọn èèyàn lórí oorun. Ní Oregon, òtútù àti ìjì máa ń da omi Crater Lake pọ̀, tòkè ń lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró kì í ráàyè kóra jọ bẹ́ẹ̀. Òkè náà kò kú, ó ń sùn ni, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Ó ní kí n ṣáà di Màmá lọ́wọ́ mú.

Òkè tí mò ń wí yìí, Mazama ni wọ́n ń pè é lónìí. Àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe kó ti ga tó mítà 3,700 kó tó bú gbàù ní nǹkan bí ọdún 7,700 sẹ́yìn. Eérú rẹ̀ dé ilẹ̀ Kánádà. Nígbà tí ohun tó wà nínú rẹ̀ tú jáde tán, inú rẹ̀ ṣófo, kò sí ohun tó gbé orí rẹ̀ ró mọ́, ó sì wó sínú ara rẹ̀. Ihò tó kù sílẹ̀ ni òjò àti yìnyín fi ọgọ́rùn-ún ọdún bíi méje kún.

Àwọn èèyàn wà nítòsí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àwọn Klamath, tó ni ilẹ̀ yẹn, ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ, ọmọ ń sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ. Llao, alágbára abẹ́ ilẹ̀, bá Skell, alágbára òkè ọ̀run, jà. Wọ́n ń ju iná àti òkúta gbígbóná lu ara wọn. Bí olóyè Klamath kan ṣe sọ ọ́ fún sójà kan ní Fort Klamath ní 1865, àwọn àgbà awo méjì gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́, wọ́n fò sínú ihò iná náà, wọ́n fi ara wọn rúbọ nítorí ìlú. Skell wá borí, òkè sì wó lé Llao lórí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ yẹ òkúta wò, wọ́n díwọ̀n eérú, ohun tí wọ́n rí kò takò ó: iná ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà òkè wó wọ inú.

Ẹni tó bá rò pé ìtàn lásán ni, kó lọ wo bàtà. Ní 1938, Luther Cressman ti Yunifásítì Oregon wa ilẹ̀ nínú ihò àpáta kan ní Fort Rock, ní apá àríwá ìlà oòrùn adágún náà. Lábẹ́ eérú Mazama ló ti bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàtà tí wọ́n fi èèpo igbó ṣákálá tí wọ́n ń pè ní sagebrush hun. Àwọn kan lára wọn ti lé ní ọdún 9,000. Ìsàlẹ̀ bàtà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n lọ́ fọ́nrán èèpo náà mọ́ra wọn tímọ́tímọ́, wọ́n sì ṣe ìbòrí kékeré síwájú níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa wà. Iná ti jó àwọn kan létí. Ọwọ́ ẹnì kan ló hun ún, ẹsẹ̀ ẹnì kan ló wọ̀ ọ́, kí òkè yẹn tó wó. Torí bàtà yìí ni mo ṣe tún ọ̀nà wa tò. Láti Portland, a ó kọ́kọ́ yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì náà ní Eugene, a ó sinmi díẹ̀, kí a tó gun òkè lọ. Mo fẹ́ kí Màmá rí bàtà kó tó rí omi.

Ohun mìíràn wà tó jẹ mí lógún. Ibi mímọ́ ni adágún náà lójú àwọn Klamath. Giiwas ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń wá agbára tàbí ìran ló máa ń lọ síbẹ̀, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àlejò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òyìnbó fi ń rìn káàkiri àgbègbè yẹn láìmọ̀ pé omi kan wà lókè, títí John Wesley Hillman, ọ̀kan lára àwọn tó ń wá góòlù, fi ṣèèṣì já sí etí rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1853. Ẹni tó bá mọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò nílò àlàyé púpọ̀. Wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í ṣọdẹ, wọn kì í gé igi. Ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé ilé onílé lòun wà.

William Gladstone Steel ló jà títí ìjọba fi sọ Crater Lake di ọgbà orílẹ̀-èdè. Láti 1885 tó ti kọ́kọ́ débẹ̀, ọdún 17 ló fi ń kọ lẹ́tà tó sì ń rọ àwọn aṣòfin, kí Ààrẹ Theodore Roosevelt tó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 1902. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Àmọ́ òun kan náà ló kó ẹja wá dà sínú adágún náà ní 1888, omi tí kò ní ẹja kankan tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1915, wọ́n tún kó irú edé ńlá oníẹ̀mú kan wá kí ẹja lè rí nǹkan jẹ. Edé yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ibi ní etí omi báyìí, ó sì ń jẹ ẹ̀dá kékeré kan tó jọ aláǹgbá, tí ń gbé inú omi, tí kò sí níbòmíràn láyé ju inú adágún yẹn lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ibẹ̀ tọkàntọkàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó mọ èèwọ̀ ibẹ̀ wà nítòsí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka tiwọn sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1954, ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ṣòfin pé àwọn kò ka Klamath sí ẹ̀yà mọ́, ilẹ̀ wọn sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. 1986 ni ìjọba tó tún gbà pé wọ́n jẹ́ ẹ̀yà, ilẹ̀ kò sì bá a padà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ èyí kí wọ́n tó ya fọ́tò kankan.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi, Cleetwood Cove, ó sì ga ju mítà 200 lọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Wọ́n ti kéde pé láti 2026 ni wọ́n máa tì í fún àtúnṣe fún bí ọdún mẹ́ta. Orókún Màmá kò sì gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkè la ó ti wò ó, lójú tèmi ìyẹn sì tó. Hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan wà ní etí adágún, 1915 ni wọ́n ṣí i, wọ́n to àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kí èèyàn lè jókòó kọjú sí omi. Yàrá ibẹ̀ kò pọ̀, wọ́n máa ń gbà á tán ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Mo fẹ́ kí a sun ibẹ̀, kí Màmá lè rí àwọ̀ náà láàárọ̀ kùtù, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, torí aláró mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí àwọ̀ padà. A ó mú awò tó ń fa ọ̀ọ́kán mọ́ra dání, kí a fi wá ìtì igi kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Arúgbó Adágún. Ó gùn tó mítà 9, ó dúró lóòró nínú omi, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Wọ́n ti rí i láti 1896, kò sì jókòó sójú kan: láàárín oṣù mẹ́ta ní 1938, ó rìn tó kìlómítà 100. Ìyókù kò le. Ẹ̀wù òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù Keje. Epo kíkún nínú ọkọ̀ kí a tó gòkè, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò dára níbẹ̀ tí a ó fi pe ìrànlọ́wọ́ bí epo bá tán. Kí Màmá sì kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, torí afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló ń wá sí Amẹ́ríkà wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Kíṣìn, yàrá ọmọ, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, ilé ìtajà: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà títí físà á fi parí. Wọ́n á padà sílé pẹ̀lú àpótí tó kún fọ́fọ́, láìrí ilẹ̀ tí wọ́n dé. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn tó mọ ewé, tó mọ odò, tó mọ èèwọ̀, ni a tì mọ́lé. Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Oregon, ní Washington àti ní àríwá California: bí òbí yín bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀wò wọn bọ́ sí oṣù Keje, ẹ tètè gba yàrá, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì ọgbà náà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ lè mọ ọ̀nà tó ti là.