Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n: Ọwọ́ Tó Ń Tún Iṣẹ́ Rọ́bọ́ọ̀tì Ṣe

Ọ̀wọ̀ ni mo ti gbéra. Mo gba iwájú ààfin Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, kọjá kí n tó wọkọ̀. Àwọn baba ìlú yìí mọ iṣẹ́ wẹ́wẹ́ í ṣe. Eyín erin kan ṣoṣo ni wọ́n á fi gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ onípele méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Wọ́n há mọ́ra, síbẹ̀ kálukú ń mì lọ́tọ̀, láìsí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Irú rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù títí dòní.

Ọkọ̀ wa gba títì Bìní. Nígbà tí a dé Ìfọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Irú iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi ti àwọn agbẹ́ eyín erin yẹn ni mo wá wò lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ìyá oníṣòwò kan ti jókòó síbẹ̀. Fóònù rẹ̀ kò gba iná mọ́, inú rẹ̀ sì ni nọ́ńbà gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojú ṣájà kọ́ ló bàjẹ́. Nǹkan kan ló jó lórí páńẹ̀lì.”

Ó ní kí n yọjú wo inú awò. Ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kapásítọ̀ ni, kò tóbi ju ẹyọ iyọ̀ lọ. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó, ọwọ́ ènìyàn kò kàn án. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ tẹ lẹ́ẹ̀dì rírọ̀, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń lẹ irin mọ́ra, sójú páńẹ̀lì. Rọ́bọ́ọ̀tì wá fi ẹnu tín-ín-rín fa kapásítọ̀ náà mu lára téèpù tí wọ́n tò ó sí, kámẹ́rà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé e síbi tó yẹ. Àwọn tó yára nínú wọn ń to ju 50,000 lọ ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni páńẹ̀lì wọ ààrò, tí lẹ́ẹ̀dì yọ́, tí gbogbo rẹ̀ lẹ̀.

Láti ọdún 2006 tí àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de òjé nínú ẹ̀rọ oníná bíi fóònù, lẹ́ẹ̀dì ilé iṣẹ́ kì í sábà yọ́ àfi bó bá gbóná tó nǹkan bí 217 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó ní òjé a máa yọ́ ní 183. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọmọkùnrin náà wà. Ó kán lẹ́ẹ̀dì olójèé mọ́ ti ilé iṣẹ́, méjèèjì pò, ìwọ̀nba ooru sì tó láti tú u, kò jó àwọn tó yí i ká. Ó fi ẹ̀mú gbé èyí tó jó kúrò, ó fi òmíràn tó yọ lára òkú fóònù rọ́pò rẹ̀. Iná wọlé.

“Olúwa á bù kún ọwọ́ rẹ, ọmọ mi.”

Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Èéfín ń wọ imú rẹ̀, òjé ń lẹ̀ mọ́ ìka tó fi ń jẹun. Òjé a máa ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́.

Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì ń kọ́ni níṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe, níbi tí awò tó dáa, fáànù tó ń fa èéfín àti ìwé ẹ̀rí yóò wà. Rọ́bọ́ọ̀tì tó to fóònù kò ní wá sí Ìfọ́n wá tún un ṣe. Ẹni tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà kò jìnnà sí ẹni tó lè tò ó. Bí a bá fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń to fóònù dé ọ̀dọ̀ wa, ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ni ká ti bẹ̀rẹ̀.