Ọ̀gá Kò Sí Lápá Ọ̀tún Mọ́

Àwọn kan ti ń bi mí nínú inbox pé ṣé lóòótọ́ ni Pásítọ̀ ń wa bàálù. Òótọ́ ni. Texas níbí ni mo ti gba láísẹ́ǹsì. Ó kéré tán, èèyàn gbọ́dọ̀ fò fún wákàtí 40 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fún un. Èmi lo 71. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, apá ọ̀tún mi ni ọ̀gá máa ń jókòó. Bí a bá ti ń bọ̀ wá balẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́: "Speed ńkọ́? Flaps ńkọ́? Wo iná yẹn!" Iná mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí. Funfun méjì, pupa méjì: ò ń bọ̀ dáadáa nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n, o ti wálẹ̀ jù. Cessna 172 ni mo ń wà, 65 knots ni mo sì máa ń fi bọ̀ ní final, ìyẹn nígbà tí imú ọkọ̀ bá ti kọjú sí ojú ọ̀nà gan-an. Ká sòótọ́, ariwo ọkùnrin yẹn máa ń sú mi. Lọ́jọ́ tí mo gba láísẹ́ǹsì, inú mi dùn pé mo bọ́.

Ní Sátidé kan, màmá àwọn ọmọ ló jókòó sí àga ọ̀gá. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo ń fi adágún omi hàn án, mo ń fi títì hàn án, mi ò tiẹ̀ dárúkọ speed. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìlà oòrùn. Ìwọ̀ oòrùn ni mo sì kọrí sí, kí n tó yà sí gúúsù láti balẹ̀. Ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń tì mí. Kí n tó mọ̀, mo ti kọjá ibi tó yẹ kí n ti yà.

Ibẹ̀ ló ti ń pa awakọ̀ o. Ohun tí ara máa fẹ́ ṣe ni kó jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i, kó tún fẹsẹ̀ tẹ rudder kí imú lè tètè yí. Bẹ́ẹ̀ bí bàálù bá ṣe fì tó ni eré tó nílò ṣe ń pọ̀ sí i. Tó bá fì dé 60 degrees láì sọ̀ kalẹ̀, ṣe ló dà bíi pé ó wúwo ní ìlọ́po méjì. Tí eré ò bá wá tó, ìyẹ́ kan á kọ́kọ́ kọ̀, ọkọ̀ á máa pòòyì lọ sílẹ̀. Ní nǹkan bíi 500 feet, kò sí àyè láti tún un ṣe.

Mo wo speed: 58. Ẹsẹ̀ òsì mi ti ń tẹ rudder láìjẹ́ pé mo rán an. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ikú kọ́ ló wà lọ́kàn mi, ìtìjú ni. Kí ni ìyàwó mi máa rò tí mo bá tún gòkè padà?

Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ mi. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́: "Go around!" Mo jẹ́ kí ìyẹ́ tẹ́jú, mo ti throttle wọlé tán, mo ń ká flaps padà díẹ̀díẹ̀, a gòkè.

"Dádì, ṣé a ò balẹ̀ mọ́ ni?"

"Mo bà á jẹ́ ni. Mo fẹ́ tún un ṣe."

"Ó dáa." Ló bá yọ fóònù, ó ní kóun tún ya adágún omi yẹn. Gbogbo ìtìjú tí mo ń sá fún ò jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Látọjọ́ náà, tí mo bá ti ń múra àtibalẹ̀, ìtàkurọ̀sọ tán. Mo máa ń sọ ọ́ síta bíi wèrè: speed, flaps, iná. Tí mo bá dé 300 feet tí ọ̀kan nínú wọn ò tọ́, mo ń gòkè padà nìyẹn. Ilé ni mo ti ń ṣe ìpinnu yẹn wá, mi ò kí ń bá ara mi jiyàn lókè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ tún jáde. Mi ò tíì lanu tí mo fi gbọ́ ọ: "Dádì, speed mélòó?"

Mo ní 65.

"Iná yẹn ńkọ́?"