Oorun Tí Kì í Ṣe Ti Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé yìí yóò tẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ oorun ni a fẹ́ bá yín sọ. Kò sí ẹni tí kì í sùn. Nítorí náà olúkúlùkù ni ó rò pé òun mọ ohun tí oorun jẹ́. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ títí a fi lé ní ogójì ọdún. Ara wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. A kò sọ ọ́ kí a lè rí ẹni káàánú wa, bí kò ṣe pé ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń bẹ ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú kíláàsì yín tí irú rẹ̀ ń ṣe, tí gbogbo ènìyàn sì ń pè ní ọ̀lẹ.

Ọmọ ọdún 19 ni wá nígbà tí a wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìjọ. Kí a tó dé ibẹ̀, ara wa yá gágá. A máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, a ó sì ti pọn omi kún àmù ìyá wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì wa níbẹ̀, oorun kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa tí a kò mọ ibi tí ó ti ń wá. Bí a bá jókòó ní ilé ìsìn, ó dé. Bí a bá mú òkèlè lọ́wọ́, ó dé. Kì í ṣe irú oorun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ nù kúrò lójú. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wa tí ó sì da aṣọ dúdú bò wá lórí lójijì. A lè sùn wákàtí mẹ́jọ lóru, síbẹ̀ kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, a ó ti tún sùn. Nígbà mìíràn ọwọ́ wa kì í dúró: a ó máa kọ ìwé lọ nínú oorun, nígbà tí a bá sì lajú, a ó rí i pé ohun tí a kọ ti di ipa ẹsẹ̀ adìyẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sọ wá ní Yútíkù, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ojú fèrèsé ṣubú nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń fa ìwàásù gùn. A bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá wa kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí wa pé òye wà ṣùgbọ́n ìmẹ́lẹ́ pọ̀, ẹ̀rín tán.

A fi gbogbo agbára bá oorun náà jà. A da omi tútù sójú, a jẹ obì àti orógbó títí ẹnu wa fi korò, a dúró níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti jókòó. Nígbà tí a bá sì ka ibi tí ìwé Òwe ti rán ọ̀lẹ lọ sọ́dọ̀ èèrà, ó máa ń dà bí ẹni pé a dárúkọ wa ní gbangba.

Lẹ́yìn tí a ti gba iṣẹ́ ìjọ ni ohun kejì dé. Ní ibi ìsọmọlórúkọ kan, àgbàlagbà kan ń sọ ìtàn Ìjàpá àti àna rẹ̀. Bí ó ti dé ibi tí ẹ̀rín wà, tí a la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, àgbọ̀n wa rọ̀, orí wa tẹ̀ síwájú, orúnkún wa yẹ̀, a sì wó lulẹ̀ bí àpò òfìfo. Ojú wa là, etí wa sì ń gbọ́ ohun gbogbo. A gbọ́ tí obìnrin kan kígbe pé, “Warápá ni!” A gbọ́ tí ẹlòmíràn ní kí wọ́n mú ṣíbí wá láti fi há wa lẹ́nu. A sì gbọ́ tí ọkùnrin kan rọra wí fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Tíṣà ti mu ẹmu.” Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí agbára fi padà sí wa lára, a sì dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹmu náà ti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ kí àwa tó délé.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bẹ̀rù ẹ̀rín. Bí àwọn ọmọ wa bá ń pa àlọ́ lálẹ́, a ó dìde kúrò láàrín wọn, a ó lọ jókòó sí ìta. Wọ́n rò pé inú ń bí wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi jẹ́ bàbá tí kì í bá ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èyí sì dùn wá ju ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ.

Ohun kẹta jẹ́ ti òru. Bí oorun bá ti fẹ́ gbé wa lọ, tàbí bí a bá ti fẹ́ jí, a ó rí i pé a kò lè gbé ọwọ́, a kò lè gbé ẹsẹ̀, a kò sì lè pe ìyàwó wa tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A ó máa rí ẹnì kan tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà mìíràn yóò wá jókòó lé wa láyà. Gbogbo yín ni ó mọ orúkọ tí àwọn ènìyàn wa ń pe èyí: ogun òru ni. Wọ́n ní kí a gbààwẹ̀ kí a sì ṣe àìsùn ọjọ́ méje. A ṣe é tọkàntọkàn. A kò kẹ́gàn àdúrà, nítorí òun ni ó gbé wa ró; ṣùgbọ́n àìsùn kì í ṣe oògùn fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ ti oorun, ní ọjọ́ kẹjọ, ohun gbogbo le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Níkẹyìn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń gun alùpùpù lọ sí ìjọ kékeré kan láti kọ́ àwọn tí ń múra fún ìgbàwọlé. Ohun tí a rántí ni pé a rí igi ọ̀pẹ kan níwájú. Ohun tí a tún rí lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ọ̀run, nítorí inú kòtò ni a wà, alùpùpù sì wà lórí ẹsẹ̀ wa. Àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ ni. Bí a bá yà sí apá kejì, àwọn ni à bá gbá. Nígbà tí ìyàwó wa gbọ́, kò sunkún. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, n kò ní jẹ́ kí ẹ gun ohunkóhun mọ́ títí dókítà yóò fi sọ ohun tí ó ń ṣe yín.”

Dókítà tí ó kọ́kọ́ rí wa fún wa ní oògùn ibà. Èkejì ní kí a sinmi. Ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin tí kò dàgbà tó wa, ó fi ìwé sílẹ̀, ó sì bi wá pé, “Tíṣà, bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ǹjẹ́ orúnkún yín a máa yẹ̀?” Ẹ̀yin ará, a ti ń gbé ohun yìí kiri fún ogún ọdún ó lé, kò sì sí ẹni tí ó bi wá bẹ́ẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú wa kí a tó lè dáhùn.

Wọ́n lẹ àwọn wáyà tín-ín-rín mọ́ wa lórí, a sì sùn mọ́jú lábẹ́ ìṣọ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí a tún dùbúlẹ̀ ní ìgbà márùn-ún, wákàtí méjì-méjì sí ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ó ń gbà wá láti sùn. Nígbà náà ni wọ́n dárúkọ àìsàn wa: nakolẹ́písì.

Dókítà ará Faransé kan, Jean-Baptiste Gélineau, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1880, nígbà tí ó ń tọ́jú ọkùnrin kan tí ń ta àgbá wáìnì. Nígbà tí a gbọ́ èyí, a rántí ẹmu tí a kò mu. Ṣùgbọ́n ọdún 1998 ni ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ṣàwárí èròjà kan nínú ọpọlọ tí ń mú kí ènìyàn wà lójúfò. Àwọn kan pè é ní orexin, àwọn kan ní hypocretin. Ní ọdún 2000, a rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọpọlọ irú wa. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò tó 100,000 nínú orí ẹni tí ara rẹ̀ pé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í hù padà bí wọ́n bá ti kú. Àwọn onímọ̀ gbà pé ohun tí ń bá àrùn jà nínú ara wa ni ó ṣìnà tí ó sì gbógun tì wọ́n.

Báyìí ni a ṣe yé wa. Ẹni tí ara rẹ̀ pé a máa lo nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀ lójú oorun kí ó tó dé ìpele tí àlá ti ń wá jùlọ. Ní ìpele náà, ọpọlọ a máa tú okun ẹsẹ̀ àti ọwọ́, kí ènìyàn má baà dìde máa ṣe ohun tí ó ń lá. Àwa kì í lo ìṣẹ́jú 15 kí a tó dé ibẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí ó wà láàrín àlá àti ojú lílà kò ní ìkọ́ mọ́ lára wa. Nítorí náà, títú tí ó yẹ kí ara tú sínú àlá a máa bá wa nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín. Àlá a sì máa dé nígbà tí ojú wa ṣì ń rí iyàrá. Kì í ṣe èpè, kì í ràn, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe warápá, nítorí nínú ìṣubú ẹ̀rín, ọkàn kì í lọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, a ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 2,000.

Kò ì tí ì sí oògùn tí ń wò ó tán. Àwọn oògùn kan wà tí ń la ojú lọ́sàn-án, àwọn mìíràn sì wà tí ń dín ìṣubú kù. Dókítà ni ó gbọdọ̀ yàn wọ́n fúnni. Ìyókù kù sí ọwọ́ ẹni. Wákàtí kan náà ni a ń sùn lálaalẹ́. A kì í jẹ iyán lọ́sàn-án. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a ń lọ dùbúlẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú lórí ẹní ní yàrá tí a ti ń wọ ẹ̀wù ìsìn. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó ń kan ilẹ̀kùn, òun tí ó ti bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ẹmu rí. A kò gun alùpùpù mọ́. Ìwàásù wa ti kúrú, a kò sì tí ì gbọ́ kí ìjọ ráhùn. Bí àwọn ọmọ wa bá sì fẹ́ pa àlọ́, wọn a kọ́kọ́ wí pé, “Bàbá, ẹ jókòó ná.” A ó jókòó, a ó rẹ́rìn-ín, orí wa yóò tẹ̀ díẹ̀, wọn a sì dúró dè wá kí ìtàn tó máa lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo fún wa láti sọ. Ní ọdún díẹ̀ kí a tó mọ àìsàn wa, ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì tí a ti ń kọ́ Ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí ó máa ń sùn láràárọ̀. Àwa tí oorun ń pa, àwa ni a nà án jù. Bóyá ara wa ni a rí nínú rẹ̀ tí a sì ń nà. Kí ọdún tó parí, ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Lẹ́yìn tí dókítà ti sọ orúkọ àìsàn wa, ọmọ yìí kò kúrò lọ́kàn wa mọ́. Ó dá wa lójú pé ohun tí ń ṣe wá ni ó ń ṣe é. A wá a títí a fi rí i níbi tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì. A bi í pé, “Bí o bá rẹ́rìn-ín, ǹjẹ́ orúnkún rẹ a máa yẹ̀?” Ó wò wá tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Rárá, sà. Agogo mẹ́ta òru ni mo máa ń jí láti bá ìyá mi lọ ẹ̀wà àkàrà.” A ní kí ni ó dé tí kò sọ fún wa nígbà náà. Ó ní, “Ẹ kò bi mí, sà.”

A tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú ọ̀gá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kíákíá kí àwa tó lè tẹríba fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá ń sùn lójoojúmọ́ bí ó tilẹ̀ sùn dáadáa lóru, tí ẹ̀rín tàbí ìbínú ń mú ara rẹ̀ rọ, tí ó ń sọ pé ohun kan ń tẹ òun mọ́lẹ̀ lójú oorun, ẹ jẹ́ kí òbí rẹ̀ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí ìgbà ọ̀dọ́ gan-an ni àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ ibà tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọlọ àkàrà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò méjì ni àwa jìn sí: ọ̀kan lójú ọ̀nà ìjọ kékeré nì, ọ̀kan nínú kíláàsì wa. Ti àkọ́kọ́ dá ọgbẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀, ó sì ti jinná. Kí ẹ má baà jìn sí èkejì, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè kí ẹ tó na ọwọ́ sí pàṣán.