Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé irin ní jímù, ẹ gbọ́ ná.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó fúyẹ́ jù lọ làwa kì í lè ṣe?

Ẹ wo ètò 5/3/1 ti Jim Wendler.
Ìdá 90 nínú 100 ìwúwo tó pọ̀ jù tẹ́ ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò deadlift.
Irin á máa wúwo sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ dín in kù, kí ara sinmi.
Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíi kìlò 5 kún un.

Kìlò 5 péré! (Àwọn ará Instagram ò lè gbà láéláé.)

Bẹ́ẹ̀ 5 lóṣooṣù, 60 ni lọ́dún, bí ara bá gbà á.

Ta ni ò fo ọ̀sẹ̀ kẹrin rí nínú yín? Kìlò mélòó lẹ̀ ń gbé báyìí?